Ìwé Gbèsè Bàbá Mi

Ojú ìwé méjìlélógójì àkọ́kọ́, gbèsè ni.
Tàdáwà aró ni Bàbá fi kọ wọ́n:
Sùlè ará Ìkàrẹ́, ọ̀pá aṣọ mẹ́ta, kò tíì san.
Ìyá ẹlẹ́ja ní Ọ̀kà, ṣílè méje, ó ní kí n padà wá.
Lẹ́yìn náà ló fi ojú ìwé kan sílẹ̀ lófìfo.
Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ tèmi ló bẹ̀rẹ̀:
Ìlọ̀rí gbá a, ó dé bẹ́ẹ̀sì kejì.
Àìná gbá afẹ́fẹ́.

Èmi ò sáré rí. Ẹsẹ̀ mi kan kúrú ju èkejì lọ.
Èmi ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ẹ̀gà,
àwọn obìnrin Iléṣà tó kọ́kọ́ fi sọ́fúbọ̀ọ̀lù jẹun.

Èébú ni orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀.
Àwọn ọkùnrin tí à ń bá pín pápá
ní ariwo wa pọ̀, bí ẹ̀gà orí ọ̀pẹ.
Fẹ́hìntọlá, olùkọ́ wa, ní:
“Ẹ gbọ́? Ó ti dáa. Ẹ̀gà la máa jẹ́.
Ẹ̀gà kì í bà lé ọ̀pẹ kí ọ̀pẹ má mọ̀.”

Alàgbà Ọwóṣẹní, tó ni ilé ìlagi,
ló ní kí a máa gbowó oṣù.
Náírà márùndínláàádọ́rùn-ún! Obìnrin! Torí igi àti bọ́ọ̀lù!
Ìyá Dúródọlá ka tọmọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
ó ní kó lọ dá a padà,
pé iṣẹ́ rere kan ò sí
tí í yí ọmọ èèyàn mọ́lẹ̀ nínú erùpẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ìrókò ni wọ́n fi gbẹ́ igi àkọ́kọ́ fún wa.
Ó wúwo bí ẹjọ́ àna.

Mo mú Bàbá lọ wòran nígbà kan, ojú rẹ̀ ti ń ṣú.
Ó bi mí: “Kí ni wọ́n ń lé?”
Mo ní: “Ilé ni, Bàbá. Èèyàn á kúrò nílé,
á yí ibùdó mẹ́ta ká,
bí wọn ò bá mú un lọ́nà, á padà wálé,
a ó wá ka ọ̀kan fún un.”
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
“Ta ló ní òyìnbó ló dá a sílẹ̀?
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe é,
láti Ìkàrẹ́ dé Ìdóàní.”
Ó dákẹ́.
“Èyí tó lóṣòó lẹ́yìn ilé yẹn ńkọ́?”
Dúródọlá ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀,
orúnkún rẹ̀ ń dún bí ẹ̀pà gbígbẹ.
“Hẹn-ẹ́n,” ni Bàbá wí. “Mo mọ iṣẹ́ yẹn.”

Ojú ìwé kẹtàléláàádọ́rin: a na ará Ìbàdàn,
mọ́kànlá sí méjì. Òjò rọ̀ sórí ìwé.
Ibi tí tàdáwà ti ràn yẹn,
Ìlọ̀rí ló ń sáré bọ̀ wálé níbẹ̀.
N ò lè kà á mọ́ bóyá ó dé.

Nígbà tí Alàgbà kú, àwọn ọmọ ta ẹ̀rọ ìlagi,
wọ́n ta ìbọ̀wọ́ wa mọ́ ọn.
Mo ṣí ìwé, mo kọ ọ́ bí Bàbá ì bá ti kọ ọ́:
Àwọn ọmọ Ọwóṣẹní, oṣù mẹ́rin, obìnrin mẹ́rìnlá, wọn ò tíì san.
Mo kà á sókè. Dúródọlá ò fèsì.
Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lọ síwájú géètì wọn,
pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ti bàjẹ́,
ó lóṣòó.

Mo gbé ìwé lọ bá a.
Kó tó di ọ̀sán, a ti pé mẹ́sàn-án.
Ẹnì kan yọjú lójú fèrèsé, ó yára fa kọ́tìnnì.

N ò ní sọ iye tí a gbà.
Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, mo fi í sílẹ̀ lófìfo,
bí Bàbá ṣe fi tiẹ̀ sílẹ̀,
fún ọwọ́ tó bá tún kàn.